Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Tó Wà Nínú Fóò

Ọmọ mi ọkùnrin tó kú lọ́dún tó kọjá ló dá ṣọ́ọ̀bù géèmù sílẹ̀ níwájú ilé wa ní Igbó-Elérin. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bójú tó o báyìí. Èmi náà máa ń jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí inú ilé ti dákẹ́ jù. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ géèmù, ojú mi ti rí díẹ̀.

Ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń pè ní Tuu ló fi bẹ̀rẹ̀. Tuu ò lágbára. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ jọra wọn bí ẹ̀kọ inú ewé, kóríko pápá sì tẹ́ bíi kápẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé e dáadáa. Nígbà tó ra Fóò tó dé lẹ́yìn rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí òógùn lọ́rùn wọn. Ariwo Fóò ló burú: tí ooru bá mú un, á máa fẹ́ fù-ù-ù bíi fáànù tó fẹ́ já. Mo sì lè lọ pọnmi kí n padà dé kí géèmù bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ tó ṣí. Báyìí, Fáìfù ti dé. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Okokomaiko ti rà á, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì ń rọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n ní kéèyàn tó ṣẹ́jú, bọ́ọ̀lù ti ṣí.

Ìyàwó ọmọ mi ní àfi ká fi Fóò ṣe pààrọ̀ Fáìfù ní ọjà Alaba. Mo ní ó dáa. Ohun kan ṣoṣo ló ń já mi láyà. Ọmọ mi ti to ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan sínú Fóò, àwa ẹbí rẹ̀ ló sì kó síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ olóògbé ló ń ṣọ́ gólì. Àbúrò mi tó kú sí Ìbà wà lẹ́yìn. Èmi náà ń sáré lápá òsì. Géèmù ò ní obìnrin, ó bá fá irun mi kanlẹ̀! Òun fúnra rẹ̀ ni kápútéènì. Orúkọ kálukú wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀, kò gbàgbé ẹnì kan. Kò sí fọ́tò kankan tí gbogbo wa ti jọ wà.

Láyé Tuu, káàdì pẹlẹbẹ kan ló ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi á yọ ọ́, á ní, "Màámi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀." Fóò ò ní káàdì, mo wá rò pé díísìkì bọ́ọ̀lù ló rọ́pò rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó ọmọ mi gbé Fóò lọ, mo ti yọ díísìkì náà, mo wé e sínú ìborùn.

Ayálégbé wa kan, olùkọ́ yunifásítì, ọmọ Èkìtì, ló bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, kí lẹ gbé mọ́ra bí ọmọ tuntun báyìí?"

"Ẹgbẹ́ ọmọ mi ni, Tíṣà. Mo ti yọ wọ́n kí ìyàwó tó gbé ẹ̀rọ lọ."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Màmá, géèmù lásán ló wà nínú díísìkì yẹn. Irú ẹ̀ kún Alaba. Káàdì ni Tuu ń lò. Inú ikùn Fóò ni gbogbo yín wà. Tí àwọn ará Alaba bá sì ti gba ẹ̀rọ, wọ́n á pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́ ni."

Mo pe ìyàwó, kò gbé fóònù. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. "Sáré, ọmọ mi!" Awakọ̀ náà ní, "Màmá, ṣé kí n fò ni?" Ní Alaba Rago, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran, àgbò dí ọ̀nà pa. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ń fẹsẹ̀ rìn, mo ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹni tí mo bá fò ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa rẹ́.

Fáìfù ti wà nínú páálí lẹ́sẹ̀ ìyàwó. Ṣùgbọ́n Fóò ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní Alaba, wọn kì í gba ẹ̀rọ àlòkù láìgbá odindi bọ́ọ̀lù kan lórí rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó máa há. Oníṣọ́ọ̀bù, ọmọ Ìgbò, ti ki díísìkì tirẹ̀ bọ̀ ọ́, síbẹ̀ àwa la wà lórí pápá!

"Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ o!"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀ nau. Gólì yìí ń gbìyànjú gan-an o. Who be dis?"

"Ọkọ mi ni."

Ó gbé páàdì tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀. Mo bi í bóyá wọ́n lè kó wa lọ sínú Fáìfù. Ó ní kò ṣeé ṣe, wọ́n ti tú ìdè ilé-iṣẹ́ tó ṣe Fóò náà kúrò lára rẹ̀ kó lè máa gba géèmù ọ̀fẹ́, irú ẹ̀ kì í sì í kó nǹkan lọ sínú Fáìfù. Kí n mú èyí tí mo bá fẹ́ nínú Fóò àti Fáìfù.

Ìyàwó ò wò mí lójú. "Màámi, mo rò pé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa pa wọ́n rẹ́ ni. Nígbà tí ẹ ní ó dáa, mo lọ sunkún ní bálùwẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa?"

Àwọn ọmọ ọmọ mi ni ṣọ́ọ̀bù yẹn ń bọ́. Mo ní kí oníṣọ́ọ̀bù tún gbá bọ́ọ̀lù kan. Ìyàwó na fóònù sí i, ó ń ya fídíò, mo ń sọ ẹni tí kálukú jẹ́. Nígbà tí bọ́ọ̀lù parí, mo kọ ẹ̀yìn síbẹ̀ kí wọ́n tó pa ẹgbẹ́ náà rẹ́.

Fáìfù ń ṣe dáadáa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ni ìyàwó sọ pé fóònù òun ti ń há, òun fẹ́ gbé e lọ ṣe pààrọ̀. Mo ní kó dúró ná. Mo dìde, mo lọ kan ilẹ̀kùn Tíṣà, kó wá fi ibi tí fídíò náà wà gan-an hàn mí.