Ta Ló Ń Kó Ewé Abẹ́ Igi Lọ?

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè rẹ̀ ládùúgbò, "Ìyá Pàǹtí" ni wọ́n máa pè é. Kò kọ ebè rí lórí ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kì í sì í sun koríko. Ewé gbígbẹ ló fi ń bo ilẹ̀, á wá gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé pọ̀ sójú kan. Ó ní kò sẹ́ni tó ń bá igbó roko, síbẹ̀ igbó ń so.

Lọ́dún kẹta, àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í rà nídìí, ó ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, olórí ilé, wá wò ó, ó mi orí.

"Kó pàǹtí yìí kúrò kó tó di Sátidé," ó ní. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi fúnra mi ni màá gbé oògùn koríko wá fín in, ká fi ilẹ̀ náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, kò rán nǹkan kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kunkun rẹ̀ máa ń bí mi nínú.

"Ká ní mo mọ ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣe irú ẹ̀," ó ní, "tí mo lè bi léèrè."

"Wèrè méjì ládùúgbò kan?" mo dá a lóhùn. "Ó ti pọ̀ jù, Àǹtí."

Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n ní kó kó pàǹtí kúrò: bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, ó tún ń lọ kó ewé sí i! Mo tẹ̀ lé e. Àwọn agbálẹ̀ máa ń di ewé sínú àpò sábẹ́ igi iwájú ilé ìwé, ṣùgbọ́n a ò bá àpò kankan. Mo rò pé á bínú. Ojú rẹ̀ ló ń dán.

"Kí lèèyàn ń fi ewé gbígbẹ ṣe?" ó ní. "Àbúrò, ẹni tó kó o lọ ń ṣe irú tèmi."

Abèèrè kì í ṣìnà. Agbálẹ̀ kan júwe onígbàjámọ̀ tó wà ní oríta fún wa. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ewé, ó ju abẹ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ló ni ín."

"Ta ló ń bínú? Kí lẹ fi ń ṣe?"

Ó mú wa lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ewé bo ilẹ̀, àgbàdo àti elégédé dúró lórí rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ilẹ̀.

"Àwa tó ń dáko báyìí tó méje," onígbàjámọ̀ ní. "Oko ẹnì kan la máa ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká lè kọ́ ọ lára ara wa. Àwọn mìíràn wà nílùú kejì, wọ́n ń gba àlejò tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́. Àwa náà ti ń béèrè ta ló ń bá wa du ewé."

Onígbàjámọ̀ àtàwọn yòókù dé oko wa ní àárọ̀ Sátidé. Àgbà obìnrin kan wà láàárín wọn, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi àgbàdo kan, ó tú ewé ìdí rẹ̀ wò.

"Ọmọ mi, o wé e lọ́rùn jù. Fi àyè ọwọ́ kan sílẹ̀ nídìí rẹ̀, kó lè mí. Àṣejù, baba àṣetẹ́."

"Àṣé èmi ni mò ń pa á," ẹ̀gbọ́n mi ní.

Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í fa ewé sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin bá wa, tòun ti páǹpù oògùn lẹ́yìn. Ó wo bí gbogbo wa ṣe bẹ̀rẹ̀ tí a kọ ìdí sókè, ó rí onígbàjámọ̀ tó máa ń gé irun fún un láàárín wa.

"Ìwọ náà?"

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Irun yín ń bẹ nídìí tòmátì mi."

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ páǹpù kalẹ̀, ó ní òun fún wa láyè títí di ìgbà ìkórè.

Mo rò pé inú ẹ̀gbọ́n mi á dùn. Ẹkún ló bú sí.

"Ọdún mẹ́ta," ó ní, "ni mo fi rò pé orí mi ò pé."

Agbẹ̀bí fà á mọ́ra. Èmi tí mo pè é ní wèrè ò mọ ibi tí mo máa kojú sí.