Ẹni Tí Yóò Dúró Nídìí Ìléru

Cuirong wé òwú mọ́ ẹnu igi ìṣáná, ó sì rọra yí i nínú etí ọkọ rẹ̀. Nígbà tó fà á jáde, òwú náà ń dán bíi wúrà. Ó pa á mọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ọkọ má baà rí i.

Wúrà kọ́. Òkúta eṣúṣú là ń pè é nílùú wa, Lingshou, torí bí iná bá ti kàn án, á máa nà, á máa lọ́ bí eṣúṣú, á sì wú. Luan Deshun, ọkọ Cuirong, ló ń fi ṣọ́bìrì dà á sínú ìléru. Èmi àti Cuirong wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀. A ó po èyí tó ti wú mọ́ omi àlẹ̀mọ́, a ó tẹ̀ ẹ́ di pátákó, wọn ó sì gbé e lọ síbi ìgbẹ, níbi tí wọ́n ti ń sá a kó gbẹ. Iná kì í jó pátákó náà. Àwọn tó ń kọ́ ilé gíga ló ń rà á.

Gbogbo wa la gbà pé ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ máa ń fọ eruku kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀gá Hou, tó ni ilé iṣẹ́, kì í ra ìbòmú. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ dídì ló ń sè fún wa. Deshun á jẹ tirẹ̀ tán, á tún jẹ ti ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Jinhe, ẹ rọra," ni mo sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ẹ máa tó ké bí ẹlẹ́dẹ̀."

"Èémí wo ni màá fi ké?"

Nígbà òtútù, wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀ ní ọsibítù. Dókítà ní kó kúrò nídìí ìléru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibẹ̀ ló máa kú sí. Cuirong lọ bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n gbé e lọ síbi ìgbẹ.

"Àyè wà níbẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Àmọ́ ta ló máa da òkúta? Pe Jinhe kó wá."

"Ọmọ yẹn ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ sísè nílùú, ọ̀gá."

"Ṣebí iṣẹ́ iná náà nìyí. Tí mi ò bá rí ẹnì kan látinú ilé yín nídìí ìléru láàárọ̀ ọ̀la, kí Deshun padà sáyè ẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ mo gbé kábéèjì lọ fún wọn. Fóònù wà lọ́wọ́ Deshun. Cuirong gbà á.

"Ìyá Jinhe, gbé e fún mi."

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún ọmọ náà?"

"Kó máa bọ̀ nílé."

"Ó ń bọ̀ lọ́dún tuntun."

"Ṣé o rò pé mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ ni? Obìnrin kì í dúró nídìí ìléru."

"Ẹ jẹun. Ó ti ń tutù."

Lọ́jọ́ kejì, Deshun ti wà níbi ìgbẹ, ó ń yí pátákó padà. Cuirong dé ọ̀dọ̀ mi, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé e síwájú mi.

"Wò ó, tìrẹ ti ya."

"Kí lo fẹ́ fi bomú, Ìyá Jinhe?"

"Ṣé mo ní imú tó tóbi ni?"

Deshun dáwọ́ dúró. Ó gbá pátákó mọ́ àyà.

Cuirong mú ṣọ́bìrì tó fara ti ògiri, ó gba àárín àgbàlá kọjá, ó ń lọ sídìí ìléru.