Obìnrin Tó Jókòó ní Ilé Ìwé Wa

Òórùn ewé gbódògì tí òjò pa ló kọ́kọ́ pàdé mi nígbà tí wọ́n gbé mi láti Òkè-Ìlá, ní Adó, lọ ṣe tísà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìyìn. Ewé náà ni wọ́n fi bo ilé ìwé. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló sì pọn omi tí wọ́n fi pò ó. N kò tíì gbéyàwó nígbà náà. Yàrá kan lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń dá gbé.

Ní ọdún kejì mi, ọmọ tó mọ̀wé jù nínú wọn, ọmọkùnrin opó kan, bá àwọn oníkòkó lọ sí Èkó láìdágbére. Ẹ̀rù ba gbogbo abúlé. Àwọn bàbá ní ìwé ló ń lé ọmọ kúrò nílé, wọ́n sì kó àwọn ọmọ wọn lọ sóko. Kò pẹ́, ó ku èmi àti àwọn bẹ́ǹṣì. Síbẹ̀ mò ń lu agogo láràárọ̀, mò ń kọ iṣẹ́ sójú pátákó, èmi náà ni mo sì ń nù ún. Nígbà mìíràn mo máa ń kàwé sókè kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn ènìyàn. Ẹni tí kò bá tíì bá bẹ́ǹṣì òfìfo sọ̀rọ̀ rí kò mọ bí yàrá kékeré ṣe ń fẹ̀. Nígbà tó yá, àlùfáà wa ní Adó, tó ń ṣàkóso ilé ìwé náà, ránṣẹ́ pé kí n ti ilẹ̀kùn, kí n máa bọ̀.

Mò ń di ẹrù lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí opó náà wọlé. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Ó kàn rọra jókòó síbi tí ọmọ rẹ̀ máa ń jókòó. Mo béèrè ohun tó fẹ́ kí n ṣe fún un.

“Tísà,” ó ní, “ulé tí a fọwọ́ wa mọ kò gbọdọ̀ ṣófo. Kọ́ mi ní ohun tí o kọ́ ọmọ mi.”

Mo tú ẹrù mi. Láràárọ̀ ni ó ń wá kó tó lọ sóko, èmi a pe A, òun náà a pe A, ohùn wa méjèèjì a sì máa dún nínú yàrá náà. Àwọn obìnrin abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ láàárín ara wọn pé, bí ẹni tí ìwé gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ bá lè jókòó síbẹ̀, kí ni àwọn ń sá fún? Àwọn ọmọ ń padà wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí bẹ́ǹṣì kún, opó náà dìde fún ọmọdébìnrin kan, kò sì wá mọ́.

Títí mo fi kúrò lábúlé náà, ọmọ rẹ̀ kò dé, kò sì ránṣẹ́. Lónìí, bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ilé ìwé náà, èmi ni wọ́n máa ń yìn pé mo mú un dúró. Mo máa ń sọ fún wọn pé obìnrin kan ló mú un dúró, tó dá ọmọ gbogbo ènìyàn padà sílé ìwé, tí òun nìkan sì ń padà sí ilé tí kò sí ọmọ.