Wàrà Orí Iná Jẹ́ẹ́jẹ́

Nígbàkigbà tí mo bá já páálí wàrà, ìyá onílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo máa ń rántí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀, tí obìnrin Fúlàní bá ti gbé wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wá, ìyá á yí òwú sítóòfù wálẹ̀, wọn á dúró ti ìkòkò fún ìdajì wákàtí, wọn ò sì ní jẹ́ kó hó.

"Tó o bá fẹ́ kó pẹ́, sè é kó hó. Tó bá jẹ́ adùn lo fẹ́, ní sùúrù. Iná jẹ́ẹ́jẹ́ ń pa àrùn, kì í pa adùn."

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, wàrà nìkan ló ń lọ lọ́fun wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n bá wọn gbé e kaná. Mo ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, ni mo bá yí iná sókè. Ó hó yaya, ó jó mọ́ ìdí ìkòkò.

Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n wo ojú mi. "O ṣé, ọmọ mi." Wọ́n mu ún tán.

Kí n tó dé nírọ̀lẹ́, wọ́n ti dákẹ́.

Wàrà inú páálí yìí lè wà fún oṣù mélòó kan kó má bàjẹ́. Àmọ́ bó bá ti kàn mí lẹ́nu, ìkánjú mi ni mo máa ń tọ́ wò.