Imú Batiste

Ọdún tí Batiste oníṣẹ́ ère sọ ara rẹ̀ di ère ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ ní àdúgbò Rusafa, ní ìlú Falẹ́ńsíà, lórílẹ̀-èdè Sípéènì. Orí ère tó ń gbé lọ síbi tí ará ìlú ti ń dìbò yan ère ọdún iná tó dára jù já bọ́ lójú ọ̀nà, àárọ̀ ọjọ́ náà sì ni gbígba ère ń parí. Batiste ò bá ẹnì kankan jíròrò. Ó fi ọ̀dà kun ara rẹ̀ látorí dẹ́sẹ̀, ó gun orí àpótí, ó dúró gbọin.

Obìnrin kan wò ó títí, ó ní, "Ẹni tó ṣe èyí ti ṣe àṣejù. Ta ló ní irú imú yìí?"

"Bàbá mi," ni ère náà dáhùn.

Obìnrin náà ò dúró mú báàgì rẹ̀.

Gbogbo ère ọdún iná ni wọ́n ń sun, àfi èyí tí ìbò ará ìlú bá yọ. Ìyẹn ló ń wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Batiste fi gbé ère lọ, gbogbo wọn ló jóná, kò sì sí ohun tó wù ú láyé ju kí ọ̀kan yè bọ́. Ó máa ń bẹ panápaná pé kí iná bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ojú ère lè jóná kẹ́yìn. Ọ̀gá wọn ní iná kì í gba àṣẹ. Batiste ní Remei ìyàwó òun náà kì í gbà á, síbẹ̀ òun máa ń sọ tẹnu òun.

Lọ́jọ́ Sunday, òun àti Remei á lọ sílé ìṣẹ̀ǹbáyé kó lè bú àwọn ère tó yè bọ́, pàápàá ti Ximo, akẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère Ximo ti sán, ó yọ búrọ́ọ̀ṣì lápò, ó tún un ṣe ní kọ̀rọ̀.

"Ximo ò mọṣẹ́," ló sọ fún Remei, "ṣùgbọ́n ère yìí ò ṣẹ̀ mí."

Nígbà tí Batiste kú, Ximo ló wá sọ pé òun fẹ́ fi páálí ṣe ère Batiste. Ẹ̀rù ba Remei.

"Tí wọn ò bá dìbò fún un ńkọ́? Ṣé kí n máa wò ó tó ń jóná ni?"

Ximo fa páálí mọ́ra. Imú ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìbò, Remei ò lè jẹun. Batiste ló borí.

Ní Sunday tó tẹ̀lé e, ọkùnrin àlejò kan dúró níwájú ère náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń béèrè ẹni tó ní irú imú yìí.

"Bàbá ọkọ mi," ni Remei wí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi áńkáṣíìfù nu eruku kúrò lára imú náà.