Èyí Tó Ní Sikírìnì

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo kọntirólà lórí fóònù bí ẹni tó ń wá ìyàwó. Díjéè ni mí ní Òmù-Àrán. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí mo fi ń da orin kan mọ́ òmíràn, tó ní àwo róbótó méjì tí èèyàn ń fi ọwọ́ yí, ni à ń pè ní kọntirólà. Tèmi ti gbó. Àwo ọwọ́ òsì rẹ̀ máa ń dá dúró nígbà tó bá wù ú, eruku Ìjàrà-Ìsin àti ti Agbamu sì ti kún inú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ èyí tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀: kékeré kan báyìí, tó fúyẹ́, tí ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, tí yóò máa gba àṣẹ lẹ́nu láàpútọ́ọ̀pù. Èkejì, èyí tó tóbi, tó ní sikírìnì tirẹ̀ lórí tí kò sì nílò láàpútọ́ọ̀pù rárá, mo ti bú u débi pé ọ̀rọ̀ náà ti sú ìyàwó mi. Mo ní ti àwọn díjéè tí kò létí ni. Mo ní ẹni tó bá gbọ́ orin kò nílò kí wọ́n ya àwòrán orin fún un.

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé.

Iṣẹ́ díjéè níbí kì í ṣe bíi ti Èkó. Òkú ṣíṣe ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ olóòkú á dé láti Èkó àti Àbújá, wọ́n á sìnkú lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jẹun, wọ́n á jó, bó bá sì di ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti ń múra àbọ̀. Orin tí wọ́n bá fẹ́ ni mo máa ń fi fún wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún díjéè àlejò. Nígbàkígbà tó bá wu àwọn ìyá àgbà agboolé, ìbáà jẹ́ àárín orin tí gbogbo èèyàn ń jó sí, ọ̀kan nínú wọn á dédé gbé ohùn sókè níbi tó jókòó sí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ki òkú náà. Kì í dìde. Kì í juwọ́ sí díjéè, kì í sì í gba máìkì. Díjéè tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn àkọ́kọ́ yẹn, kó sì fa orin wálẹ̀ kí ìyá náà tó mí lẹ́ẹ̀kejì. Bí o bá jẹ́ kí orin bo ohùn ìyá àgbà mọ́lẹ̀, o ti tàbùkù òkú, o sì ti tàbùkù agboolé.

Ìyá mi ló kọ́ mi. Ó wà lára àwọn ìyá tó ń ki òkú ní agboolé wa ní Èsìẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé sípíkà lọ síbi òkú, ó pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Bí o bá gbọ́ ohùn wa, pa tìẹ. A ò ní pè ọ́ o. Etí rẹ ni yóò pè ọ́." Etí mi kò sì já a kulẹ̀. Àwọn díjéè tí sípíkà wọn ga ju èèyàn lọ wá láti Ìlọrin, wọ́n sì pàdánù iṣẹ́ fún mi nítorí etí. Bí àwọn ẹbí kan bá ti ń sọ ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n á ní kí wọ́n pe díjéè tó ń gbọ́ ohùn ìyá wá. Orúkọ tí mo ní nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tí mo kọ sára sípíkà lọ.

Etí òsì ló kọ́kọ́ lọ. Ìhà òsì ni mo máa ń to sípíkà sí, ibẹ̀ náà sì ni jẹnẹrétọ̀ máa ń wà. Kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Orin kàn ń jìnnà sí mi ni. Ìlù ń dún, mo ń gbọ́ ọ dé inú àyà, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá tín-ínrín, agogo, fèrè, ohùn obìnrin, ló ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ti ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀. Dókítà etí ní Ìlọrin sọ fún mi pé èyí tó bá ti kú nínú etí kì í jí mọ́, kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ìyókù má baà bá a lọ. Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kékeré kan sí mi létí kí n fi dán an wò. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn wọn nìkan ni mo gbọ́. Mo yọ ọ́, mo dá a padà fún un, mo sì dúpẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Kí ni n bá sọ? Iṣẹ́ mìíràn wo ni mo mọ̀?

Àrán-Ọ̀rin ni ọwọ́ ti kọ́kọ́ fẹ́ tẹ̀ mí. Ìyá tíṣà kan ló kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń jó, inú mi dùn, mo fi hẹ́ẹ̀dífóònù há etí ọ̀tún, mo ń wá orin tó kàn. Mo rí i pé àwọn kan dẹ́kun ijó. Mo rò pé orin ló lọ sílẹ̀ jù fún wọn, mo bá fi kún ohùn rẹ̀. Háà! Mo fi kún un. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, gbogbo agbo ló ti kọjú sí mi. Lẹ́yìn mi gan-an, níbi tí ọwọ́ mi lè tó, ìyá arúgbó kan ń ki òkú, ètè rẹ̀ ń mì, omijé ń dà lójú rẹ̀, n kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Olórí ẹbí, bàbá àgbàlagbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn, wá bá mi. Kò pariwo. Ó tẹ ẹnu mọ́ mi létí ọ̀tún, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe Èsìẹ́ ni wọ́n ti bí ọ ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kí wọ́n forí jì mí, ẹ̀rọ ló dà mí láàmú. Wọ́n gbà pé ẹ̀rọ ni, nítorí gbogbo wọn ló rí bó ṣe gbó tó. Ìyàwó mi náà gbà. Ó ní kí a tètè lọ Ìlọrin, kí a lọ mú tuntun, kí ẹ̀rọ burúkú yìí má baà bá mi lórúkọ jẹ́.

Bí a ṣe dé ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ọkùnrin tó ń tajà gbé méjèèjì kalẹ̀ lórí tábìlì kan, ó so wọ́n mọ́ sípíkà kan náà, ó fi orin kan náà sí i. Ó yí i sí èyí, ó yí i sí ìyẹn.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ìyàtọ̀," ló wí. "Kékeré yìí, wàláhì, ohùn rẹ̀ mọ́ ju ti ńlá lọ. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Mo mi orí bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìlù kan náà ni mo ń gbọ́ nínú méjèèjì, gbì, gbì, gbì, bí ẹni tó ń gúnyán ní ilé kejì. Kékeré tí mo ti fẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, tí mo ti fi ojú inú gbé sórí tábìlì káàkiri ìlú, ó wà níwájú mi, n kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti èyí tí mo bú. Ẹ̀rù bà mí. Mo yíjú sí ìyàwó mi, mo ní, "Èwo ló dùn jù?"

Òun ló ń darí àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, èmi ni mo máa ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí a bá délé, màá sọ fún un pé obìnrin báyìí bọ́ kúrò lójú ohùn ní ẹsẹ kejì. Ó máa ń bínú sí mi títí oúnjẹ ọ̀sán á fi tutù. Kò sí ọjọ́ kan tí mo bi í léèrè ohun tó dùn rí.

"Dádì, èmi lẹ ń bi?"

"Ṣé ìwọ kì í gbọ́ orin ni?"

Ó wò mí. Ó gba ẹ̀yìn mi kọjá sí ọwọ́ òsì, mo sì rò pé ó fẹ́ wo ẹ̀rọ dáadáa ni. Nígbà tí mo yíjú, ó dúró síbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa ẹnu dé. Ó ti pè mí. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan ló pè mí tàbí ó ti ń pè mí látìgbà náà. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

Kò sọ ọ́ níwájú ọlọ́jà. Ó fọwọ́ lé èyí tó ní sikírìnì, ó gbóhùn sókè kí èmi náà lè gbọ́, ó ní, "Èyí ni a fẹ́."

"Mọ́mì, kékeré ló dùn jù," ni ọkùnrin náà wí.

"Mo mọ̀. Èyí ni a fẹ́."

Ó wù mí kí n jà. Ó wù mí kí n sọ pé ta ló ń ṣe iṣẹ́ náà láàárín wa. Ṣùgbọ́n lórí sikírìnì yẹn, orin ń kọjá lọ bí òkè àti àfonífojì, búlúù àti pupa, mo sì rí ibi tí ìlù wà, ibi tí akọrin ti wọlé, ibi tí orin ti fẹ́ parí. Etí kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyàwó mi sunkún láti Ìdófìan títí a fi kọjá Àjàṣẹ́.

Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Mo ń fi ojú da orin pọ̀, kò sì sí ẹni tó fura. Àmọ́ kìkì ohun tó bá wà nínú fílaàṣì tí mo kó orin sí ni sikírìnì lè yà. Kò lè ya ìyá arúgbó tó jókòó lẹ́yìn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tábìlì mi kọjú sí àwọn ìyá àgbà, mo ń ṣọ́ ẹnu wọn bí ọlọ́pàá. Ní Agbamu, ọ̀kan la ẹnu, mo fa orin wálẹ̀ kíá, gbogbo agbo dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá náà ń yán ni. Àwọn kan ń béèrè bóyá iná ti lọ. Mo dá orin padà, àágùn bò mí. Kò pẹ́, òmíràn la ẹnu, mo ní n kò ní gbà fún un, ó ń jẹran ni. Kì í ṣe ẹran, òkú ló ń kì. Ìyàwó mi, tó bá mi wá lọ́jọ́ náà, ló sáré wá láti ìdí oúnjẹ, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa orin wálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún pè mí síbi òkú.

Ìyàwó mi ló ní kí a gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Èsìẹ́. Ó ní ẹ̀rọ náà ní ojú ibi tí a ń ki máìkì bọ̀, ó sì lè gba ohùn pamọ́. Ara ìyá mi kò le mọ́, ohùn rẹ̀ sì ti di tín-ínrín. Bí mo bá lọ dọ̀bálẹ̀ kí i, ó máa ń kì mí, bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe láti kékeré mi. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tó jẹ́ pé ètè rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. N kò sọ fún un. Ẹni tó kọ́ mi létí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un?

A dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan. Inú rẹ̀ dùn pé mo fẹ́ pa ohùn òun mọ́. Ìyàwó mi bá a mú máìkì, ó jókòó lórí àga rẹ̀, ó kì mí títí. Nígbà tó ṣe tán, mo fi hẹ́ẹ̀dífóònù bo etí méjèèjì, mo ṣí ohùn rẹ̀ dé òpin. Nǹkan kan ń kùn níbẹ̀ bí afẹ́fẹ́ lójú fèrèsé. N kò rí ọ̀rọ̀ kan mú. Ṣùgbọ́n mo rí i lórí sikírìnì. Mo mọ ibi tó ti dárúkọ bàbá mi, nítorí ibẹ̀ ló ti máa ń dúró kó lè mí, mo sì rí ibi tó ti mí.

Mo bọ́ hẹ́ẹ̀dífóònù. Ìyá mi ń wò mí, ó sọ nǹkan kan.

"Ẹ ṣé, Màmá," ni mo wí.

Ìyàwó mi fọwọ́ bo ẹnu. Ó sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí ọ̀tún, ketekete: "Wọ́n ń bi yín léèrè ni. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí àwọn bá lọ, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn bá gbóhùn sókè, ṣé ẹ máa gbọ́, kí ẹ lè pa orin yín?"

Ìyá mi ṣì ń dúró de èsì.

"Màá gbọ́, Màmá," ni mo wí, mo sì dọ̀bálẹ̀ kó má baà rí ojú mi. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Mo mọ̀ pé àdúrà ni. N kò lè rí ètè rẹ̀ níbi tí mo wà, mo bá ń ṣe àmín, àmín, àmín. Nígbà tí mo gbójú sókè, àmín ṣì wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́, ó sì ń wò mí.