Àbúrò Mi Ẹlẹ́nu Píìnì

Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi láàárọ̀ tó sì kí i, "hùn" ló máa gbọ́. Kì í ṣe ìgbéraga. Píìnì ló wà lẹ́nu rẹ̀, mẹ́fà, nígbà míì mẹ́jọ, tó fi eyín àti ètè dì mú. Bó bá ń ká etí aṣọ lára oníbàárà, á yọ ọ̀kan, á fi gún aṣọ, á yọ òmíràn. Bí oníbàárà bá béèrè ìgbà tí aṣọ máa jáde, á na ìka mẹ́ta sókè. Ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn, irọ́ sì ni. Ẹlẹ́nu Píìnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ń jẹ́ orúkọ náà, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ẹnu mi sì mú, mi ò ní purọ́. Ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ làwa méjèèjì jọ ń gbé. Yàrá iwájú tó kọjú sí títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, tábìlì tó fi ń gé aṣọ láàárín, dígí gígùn lára ògiri, àjákù aṣọ káàkiri ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra tìmùtìmù kékeré tí wọ́n ń gún píìnì mọ́ fún un. Ó fi ọ̀kan há ilẹ̀kùn kó má baà máa pa dé. Mi ò mọ ibi tí èkejì wọlẹ̀ sí. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ kò mọ nǹkan kan tó ń jẹ́ tìmùtìmù, pé ẹnu ni píìnì ń gbé, kí ọwọ́ méjèèjì lè wà lára aṣọ.

Torí náà, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ kán sára kọ́là funfun kan, ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu. Ó ní píìnì ló gún òun. Ó fi omi tútù àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, oníbàárà wọ̀ ọ́ lọ. Bó bá fọ eyín láàárọ̀ tí itọ́ rẹ̀ pọ́n, píìnì ni. Bí erìgì rẹ̀ bá wú tó ń dán, píìnì náà ni. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, tí èmi fúnra mi ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ra kànáfùrù, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé erìgì kì í pa èèyàn. Olùkọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù nílé wa ni àtọ̀gbẹ. Òun ló pa bàbá wa. Egbò kékeré kan lẹ́sẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gé ọmọ ìka, kò jinná. Wọ́n gé e lọ́rùn ẹsẹ̀, kò jinná. Wọ́n gé e dé orúnkún, a sì sin wọ́n kí oṣù yẹn tó parí. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n nínú yàrá tí wọ́n kú sí, mi ò sì ní ṣàlàyé òórùn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún àbúrò mi, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, pé ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń wò títí a fi délé.

Ó ń lo oògùn, ara rẹ̀ sì ń dá ṣáṣá, títí di ọdún tó kọjá. Ẹsẹ̀ lásán ló fi máa ń tẹ maṣíìnì. Lọ́jọ́ kan, píìnì kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Kò dùn ún, torí àtọ̀gbẹ ti ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tó rí ẹ̀jẹ̀ lára irin tó ń tẹ̀ ló tó mọ̀ pé píìnì ti gún òun. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oṣù kan kọjá, ojú egbò náà kò pa dé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Dókítà tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní bí ṣúgà yẹn kò bá sọ̀ kalẹ̀, egbò kò ní jinná, bí kò bá sì jinná, òun máa gé ọmọ ìka náà kó tó ran gbogbo ẹsẹ̀.

Ẹ̀rù wọ ilé wa, kò jáde mọ́. Ohun dídùn kankan kò wọ ilé ìdáná wa mọ́. Èmi ni mò ń bu oúnjẹ fún un, èmi ni mò ń ka oògùn sí i lọ́wọ́. Láti yàrá mi ni mo ti máa ń tẹ́tí sí ìró maṣíìnì. Bó bá dákẹ́ pẹ́, mo máa fi ṣíbí sílẹ̀, mo máa lọ yọjú. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà rẹ̀ máa lé ní ọ̀ọ́dúnrún, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju ọgọ́sàn-án lọ. Wọ́n fi oògùn kún oògùn, kò mì. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò béèrè lọ́wọ́ mi ní kọ̀rọ̀ bóyá ó dá mi lójú pé kì í jẹ nǹkan kan ní ìkọ̀kọ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń yẹ àpò ọmọ iléèwé wò. Bí ọmọ bá búra pé òun ò jẹ nǹkan, mo mọ ibi tí mo ti máa wá a. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo wọ ṣọ́ọ̀bù nígbà tí oníbàárà méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan wà níwájú dígí tí píìnì kún ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Mo já báàgì àbúrò mi lára ìṣó, mo da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. Téèpù, ṣọ́ọ̀kì, òwú, kànáfùrù nínú bébà. Mo ní ṣebí kànáfùrù yìí ló fi ń bo òórùn ohun dídùn tó ń jẹ.

"Ṣé o fẹ́ kú ni?" mo bi í. "Ṣé o fẹ́ kí n tún jókòó ti ẹlòmíì nínú yàrá yẹn?"

Ó yọ àwọn píìnì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó sì la ẹnu. Mo ti ń bá tèmi lọ nígbà yẹn, mò ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Ó pa ẹnu dé. Ó kó àwọn píìnì náà pa dà sẹ́nu, ó sì yíjú sí oníbàárà rẹ̀, ẹni tó ti ń wo òrùlé látìgbà tí mo ti wọlé. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Nílé tiwa, tí ẹ̀rù bá ń bani, ìbínú la fi máa ń bò ó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, à ń jẹun àárọ̀. Ẹyin sísè ló gé jẹ, eyín rẹ̀ kan sì dúró sára ẹyin náà. Kò pariwo, kò dún, ó kàn yọ, bí ìgbà tí bọ́tìnì bá já lára ẹ̀wù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kíákíá. Mo ní kó ká ọwọ́ kúrò. Mo bi í bóyá àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó na ìka mẹ́ta sókè, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe irọ́.

Mi ò lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Dókítà eyín tó wò ó jẹ́ ọmọbìnrin kékeré kan, ọjọ́ orí àwọn tí mo kọ́. Ó tan iná sí ẹnu rẹ̀, ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fàlà sí lára, ó ń kì í bọ àárín erìgì àti eyín, ó sì ń pe bí àlàfo náà ṣe jìn tó ní mìlímítà fún nọ́ọ̀sì tó ń kọ ọ́: mẹ́fà, méje, méje, mẹ́jọ. Mo béèrè iye tó yẹ kó jẹ́. Ó ní méjì, bó bá pọ̀ jù, mẹ́ta. Nígbà tó tẹ erìgì ìsàlẹ̀, ọyún jáde. Ó béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi sì dáhùn pé píìnì ni.

"Mà, ọjọ́ méjì ni ojú píìnì fi ń jinná," dókítà náà wí. "Èyí kì í ṣe píìnì. Tí a bá kó gbogbo egbò tó wà lábẹ́ erìgì yín jọ, á fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ṣúgà ń ba erìgì jẹ́, erìgì náà kò sì jẹ́ kí ṣúgà sọ̀ kalẹ̀. Ṣé wọ́n ti yẹ ẹnu yín wò rí látìgbà tí egbò ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ́ wò. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Ó wá béèrè bóyá àyà máa ń dùn ún, bóyá mímí máa ń nira fún un, nítorí pé kòkòrò inú erìgì lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn. Mo di ẹ̀yìn àga mú. Mo béèrè bóyá ìyẹn ni pé kì í jẹ ohun dídùn ní ìkọ̀kọ̀. Ó ní òun ò lè mọ ohun tí èèyàn ń jẹ, àmọ́ irú erìgì yìí nìkan tó láti máa da oògùn rú. Àbúrò mi kò wo ojú mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ha abẹ́ erìgì rẹ̀. Wọ́n yọ eyín méjì sí i, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Dókítà eyín kò ṣe ìlérí kankan. Ní ọ̀sẹ̀ keje, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: ọgọ́sàn-án. Mo ní kí nọ́ọ̀sì tún un wò. Ọgọ́sàn-án náà ni. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sunkún bí ọmọ iléèwé.

Àmọ́ ẹsẹ̀ kò dúró dè wá. Dókítà ẹsẹ̀ tú báńdéèjì, ó tẹ ojú egbò náà, ó gbé àwòrán egungun sókè sí iná. Ó ní egungun ọmọ ìka náà ti jẹrà, kò sí ohun tó lè dá a dúró mọ́. Ó ní kí a má mikàn nípa ìyókù ẹsẹ̀, pé bí ṣúgà ṣe wálẹ̀ yìí, ibi tí òun bá gé máa jinná. Ó wá fi kún un pé ká ní oṣù méjì sẹ́yìn ló ti wálẹ̀ báyìí ni, ó ṣeé ṣe kí òun fi ọmọ ìka náà sílẹ̀. Kò fi sọ mí. Ìwé ló ń kọ bó ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n gé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kọkànlá, nọ́ọ̀sì tú u, ojú rẹ̀ gbẹ, ó mọ́, kò rùn. Mo gbé imú mi súnmọ́ ọn dáadáa kó tó dá mi lójú. Lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì jáde ni mo wá bi àbúrò mi léèrè ohun tó dé tó fi ń fi eyín tó ń jábọ́ pamọ́ fún mi.

Ó ní eyín bàbá wa kọ́kọ́ jábọ́ kí ẹsẹ̀ wọn tó bẹ̀rẹ̀, pé òun ló ń fọ ẹnu wọn, èmi ò sí nílé nígbà yẹn. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í ṣe píìnì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni òun fi ránṣọ láìfi píìnì kankan sẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Òun wá kó wọn pa dà sẹ́nu, kí òun lè rí nǹkan dá lẹ́bi. Ó rò pé bí dókítà bá rí eyín yẹn, ayùn ló máa gbé sí ẹsẹ̀ òun.

"Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ da báàgì mi sórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "mo ti yọ píìnì lẹ́nu kí n lè sọ fún yín."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ní kí n bá òun gbé ìrọ̀rí sókè díẹ̀. Mo gbé e, mo sì ń ṣe ìṣirò náà bí mo ṣe ń gbé e. Láti ọjọ́ báàgì sí ọjọ́ tí mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni. Oṣù méjì péré ni dókítà ẹsẹ̀ ní a fi pẹ́.